Ọmọ ti ka ìtàn kúkúrú tán, àmọ́ kò rọ́rọ̀ sọ ní kíláàsì

Ìyá Kẹ́hìndé (Houston): Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹwàá fẹ́ jókòó yípo jíròrò "The Story of an Hour" ti Kate Chopin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló ń gba máàkì. "Ìtàn yìí kọ́ wa pé ayé ò dúró sójú kan" nìkan ni Kẹ́hìndé rí kọ sílẹ̀. Kí la ó ṣe?

Bàbá Tíṣà (Maryland): Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Àlọ́ Ìjàpá ló fa ìyẹn: bí ìtàn bá ti parí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ là ń wá. Tíṣà wọn ò wá ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ kí ọmọ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé, kó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ní "ìtàn yìí kọ́ wa pé" ti parí ọ̀rọ̀ nìyẹn, kò sóhun tí ẹlòmíì fẹ́ fi kún un.

Ìtàn ọdún 1894 yẹn ò gùn rárá: wọ́n sọ fún obìnrin kan pé ọkọ rẹ̀ ti kú, inú rẹ̀ dùn pé òun ti gba òmìnira, àmọ́ ọkọ náà wọlé láàyè, obìnrin náà sì kú. Kó kà á lẹ́ẹ̀kan láìmú pẹ́ńsù dání. Bó bá ń kà á lẹ́ẹ̀kejì, kó fàlà sí gbogbo ibi tí wọ́n ti pe obìnrin yẹn. Mrs. Mallard ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ ọkọ. Nígbà tó dá wà níwájú fèrèsé, "she" lásán ni. Ó di ìgbà tó sọ "free, free, free" tán kí Josephine, ọmọ ìyá rẹ̀, tó kanlẹ̀kùn pè é ní Louise. Ọkọ tí wọ́n ní ó bá ìjàǹbá rélùwéè lọ wá wọlé, obìnrin náà sì tún padà di "his wife". Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nìyẹn.

Àǹtí Bísí (Chicago): Ẹ jẹ́ n fi ti ẹnu sísọ kún un. Tíṣà kì í sábà dá sí i, ó kàn ń sàmì ni. Ọmọ tí a kọ́ pé kó má já lu ọ̀rọ̀ àgbà á máa dúró kí wọ́n pe òun, wọn ò sì ní pè é. Kó kọ káàdì mẹ́ta: ìpínrọ̀ tó ti rí i, ohun tó rí, àti ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ò lè dáhùn. Àpẹẹrẹ: àwọn dókítà ní ayọ̀ ló pa á, nínú ilé yẹn, ta ló mọ̀ pé irọ́ ni? Kó tètè lo káàdì àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹlòmíì á ti sọ ọ́. Kó dárúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀, kó sì kọjú sí i, kó má wo tíṣà. Àtakò kì í ṣe àfojúdi níbẹ̀ o. Àwa òbí ló yẹ ká sọ ìyẹn fún un.

Dékúnlé (Atlanta): Kó má ka àkópọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì dípò ìtàn. Àkópọ̀ kì í sábà sọ̀rọ̀ orúkọ yẹn.

Ìyá Kẹ́hìndé: Ẹ ṣeun gan-an. "The Lottery" ló kàn lẹ́yìn ìyẹn.

Bàbá Tíṣà: Ti Shirley Jackson, 1948. Lọ́dọọdún, àwọn ará abúlé kan máa ń mú ìwé nínú àpótí, ẹni tó bá já mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń sọ lókúta pa. Láti ìpínrọ̀ kejì lọmọdé kan ti ń kó òkúta sápò. Kó béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi fura. Kó tún fi ohùn Tessie, obìnrin tó já mọ́ lọ́wọ́ níkẹyìn, wéra: ó ń pàṣà, ó ní kí ọkọ òun tètè lọ mú ìwé. Àfìgbà tó já mọ́ ilé tirẹ̀ ló wá ní kò tọ́. Bí ẹnì kan bá sì ní kó sọ irú àṣà bẹ́ẹ̀ "nílùú yín", kó rọra rán an létí pé abúlé tó jọ ti Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, kó sì ṣí ìwé padà.