Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ wo ló lè ka ìwé tó ní ohùn àti fídíò nínú?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ìwé kan tí wọ́n fi ń kọ́ gìtá fún bàbá mi, EPUB ni, irú fáìlì ìwé tí wọ́n ń kà lórí ẹ̀rọ. Ohùn àti fídíò wà nínú rẹ̀. Ọ̀la ni mò ń lọ bá wọn. Kí ni kí n rà? Kíá ni o.

Jagun: Tábílẹ́ẹ̀tì. Ẹ má wo E Ink rárá, ẹ̀rọ ìkàwé tí ojú rẹ̀ dà bíi bébà yẹn.

Àṣàkẹ́: Ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó náwó. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ẹ̀rọ E Ink kan ń ka EPUB, ni mo bá rà á. Mo ṣí ìwé, ibi tó yẹ kí fídíò wà, àwòrán kan ló dúró síbẹ̀ gbagidi. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò mì. Nígbà tí mo dá a padà, olùtajà ní mo ti ya páálí, òun ò gbà á. Ó ṣì ń dùn mí.

Jagun: Ṣé ẹ rí i?

Akọ̀wé Kékeré: Ẹ̀bi E Ink nìkan kọ́. Láti 2011 ni EPUB 3, ẹ̀dà kẹta EPUB, ti gba ohùn àti fídíò láàyè, ṣùgbọ́n kò pọn irú fáìlì fídíò kan ní dandan. Tábílẹ́ẹ̀tì pàápàá, áàpù tó wà lórí rẹ̀ ló máa sọ bóyá fídíò yóò ṣí.

Jagun: Áàpù kọ́ ló ń mú kí E Ink lọ́ra! Èérún dúdú àti funfun ló ń rìn nínú rẹ̀ kí ojú ìwé tó yí. Báwo ni fídíò ṣe fẹ́ lọ geere lórí ìyẹn?

Olóye: E Ink kì í ta mí lójú. Mo lè ka ìwé lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Akọ̀wé Kékeré: Ọ̀rọ̀ ojú kọ́ ni wọ́n béèrè. Ìyá Ìbejì, bí kọ̀ǹpútà bá wà, ẹ gbé áàpù ìkàwé Thorium Reader sí i, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi ìwé náà dán an wò lálẹ́ yìí.

Àṣàkẹ́: Ìwé yẹn gan-an ni kí ẹ fi dán an wò o, kì í ṣe òmíràn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. E Ink ni mo rà. Bàbá mi ò lè wo iná tábílẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹkún ni ojú wọn ń sun. Wọ́n á ka ìwé lórí èyí, a ó máa wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà mi.

Àṣàkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ya páálí yẹn.