Ìmọ̀ràn kíákíá: ibo ni mo ti lè máa ya fótò ojú pópó kan náà l'Abẹ́òkúta?

Àbíkẹ́ Fótò: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, ọyẹ́ ti fẹ́ ká ńlẹ̀. Ojú pópó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ máa yà, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, títí òjò á fi dé, kí n lè rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí padà. Ibo ló dáa? Ọ̀la ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìtòkú: Ọ̀nà àwọn aládìrẹ ní Ìtòkú ni o! Kí oòrùn àárọ̀ ṣáà ti ta sára aṣọ ẹlú.

Sápọ́n Lẹ́ǹsì: Aṣọ tí wọ́n so kọ́ lónìí, oníbàárà á ti rà á lọ́la. Báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ló yí padà àbí ọjà? Lafẹ́nwá, lẹ́bàá afárá. Afárá kì í yẹsẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Ẹ ṣọ́ra o! Gáréèjì kan nílùú yìí ni mo ti ń yàwòrán nígbà tí òjò dá, omi ń dán lójú títì, àfi bí àwọn ọmọkùnrin kan ṣe já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ọlọ́pàá ló rán mi. Kí n tó gbà á padà, wọ́n ti pa gbogbo àwòrán rẹ́.

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Gáréèjì wo ni?

Ìyá Aládìrẹ: Ẹ kú ewu o. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn kọ́kọ́ lọ kí ìyálọ́jà.

Sápọ́n Lẹ́ǹsì: Mà, kíkí yẹn ló ń di owó. Ìta gbangba ni títì.

Ìyá Aládìrẹ: Iwájú ìsọ̀ mi kọ́ ni ìta gbangba, ọmọ mi. Ẹnu ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́mta: Ṣé ti ìgbéyàwó ni? Orí Olúmọ dáa, gbogbo òrùlé páànù ìlú á hàn lẹ́yìn ìyàwó.

Ẹ̀gbọ́n Kútọ̀: Àbíkẹ́, ibi yòówù kó jẹ́, má lo auto white balance, ètò tí kámẹ́rà fi ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà á máa tún àwọ̀ ọyẹ́ ṣe, gbogbo ọjọ́ á wá jọra. Sàmì síbi tó o dúró sí. Ní Oṣù Kejìlá, apá gúúsù loòrùn ọ̀sán ń gbà lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó bá fi di Oṣù Kẹfà, ó ti bọ́ sí àríwá, òjìji á ti sún lọ sí òdì kejì títì. Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, inú yàrá tó dojú kọ kàtídírà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú Rouen, ló jókòó sí ní 1892 àti 1893 tó ń fi ọ̀dà ya àwòrán rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí padà. Àwòrán tó lé ní 30 ló ti ibẹ̀ jáde.

Àbíkẹ́ Fótò: Ẹ ṣé gan-an ni. Fèrèsé òkè ilé wa l'Adátán ni mo mú. Ìyá alákàrà àtàwọn ọlọ́kadà ló wà nísàlẹ̀. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá. Wọ́n ní kí n ṣáà má ya àwọn nígbà tí èéfín bá ń ta àwọn lójú. Ta ló ní tripod, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, tí mo lè yá?

Sápọ́n Lẹ́ǹsì: Èmi ní. Wá mú un kó tó di aago méje.