Àwo tí kò jáde, tí oríkì bàbá mi wà nínú rẹ̀

Mo kí gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Ẹni tó bèèrè pé ṣé kí wọ́n gbé àwo ẹgbẹ́ àpàlà wa yẹn jáde báyìí, ọ̀rọ̀ náà kàn mí.

Aṣọ òkè ni bàbá mi ń tà. Kò sí òde tí ẹgbẹ́ náà lù tí wọn kì í lọ. Ní 1986, ẹgbẹ́ náà lọ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù l'Ékòó, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà sì ki bàbá mi sínú rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ọkùnrin ìgbà náà. Ẹ wo bí Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, ṣe fi àwo kan ṣoṣo ní 1971 sọ Oroki Social Club ti Òṣogbo di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àmọ́ ọdún 1986 yẹn náà ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé. Náírà já wálẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń tẹ àwo, tó jẹ́ pé òkè òkun ló ti ń wá, di ọ̀wọ́n gógó. Ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n ní kí wọ́n ní sùúrù. Sùúrù náà ni wọ́n ń ní tí ọ̀gá fi kú.

Bàbá mi ti rán agbádá sányán tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀. Ó ṣì wà nínú àpótí wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ onílù àdàmọ̀ wọn pè mí wá sílé wọn ní Tákíé. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì kan jáde, wọ́n fi báírò kọ "Má tà" sí i lára. Téèpù rẹ̀ ti já rí, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ó fi pẹ́ńsù yí i, ó tì í bọ inú rédíò. Àgídìgbo dún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọ̀gá dá orin. Ohùn ti há. Wọ́n ki bàbá mi dé ìdajì, ikọ́ gbé wọn. Àwọn elégbè ṣì ń gbè é lọ nígbà tí ọ̀gá ní, "Ẹ dúró, ẹ dúró. Èyí ò yẹ Àkànní. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Ibẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì parí sí.

Mo sunkún. Ẹnu ọ̀gá ni mo ti gbọ́ oríkì bàbá mi, ẹnu ọ̀gá kan náà ló sì ní kò yẹ wọ́n. Mo gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ fi kíbọ́ọ̀dù dí ibi tí kò kún, kí wọ́n gbé e sórí YouTube. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má dán an wò. Tó bá máa jáde, kó jáde tòun ti ikọ́ yẹn.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń lu akúbà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Wọn ò rí kọ́bọ̀ gbà lórí iṣẹ́ náà. Wọ́n wà ní Arówómọ́lẹ̀, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kí ẹnikẹ́ni tó tà á, kó kọ́kọ́ lọ bá wọn.

*

Èmi ò bá ọ̀gá láyé o, ìyá àgbà ló fi orin wọn tọ́ mi. Bó ti wù kó rí, mo fẹ́ gbọ́ ọ.

*

Èmi tí mo kọ ti òkè ni o. Àbúrò tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wà ní Arówómọ́lẹ̀, ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Màá gbé rédíò dání.