Wákàtí méjìlá ní Kìgálì pẹ̀lú ìyá mi: kí ni kí a fi ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú níbi gbogbo tí ẹ wà. Èmi àti ìyá mi, ẹni ọdún 68, ń lọ kí àbúrò mi obìnrin tó bímọ ní Nàìróbì. Bàálù tí agbára wa ká yóò gbé wa dé Kìgálì ní Rùwáńdà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù yìí, èyí tí yóò sì gbé wa lọ sí Nàìróbì kò ní gbéra títí di aago méje alẹ́. Nígbà tí a rìnrìn àjò kẹ́yìn, wákàtí mẹ́sàn-án ni a fi jókòó sórí àga irin ní pápákọ̀ òfurufú kan, ẹsẹ̀ màmá sì wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ṣé a lè jáde wọ ìgboro kí a sì padà lásìkò? Kí ni ó wà ní ìlú tí kò tó Èkó yẹn, tí kò ní pa orúnkún àgbàlagbà lára?

Ọmọ Ìpakodò

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, mà, ẹ sì kú oríire ọmọ tuntun. Ẹ lè jáde láìsí ìyọnu, nítorí ìjọba Rùwáńdà kì í gba owó físà lọ́wọ́ àwa ọmọ Áfíríkà fún 30 ọjọ́. Pásípọ́ọ̀tù yín ni wọn yóò lù lóǹtẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé. Ẹ mú yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yín lọ́wọ́, ẹ má dì í mọ́ ẹrù tí yóò wà nínú ikùn bàálù. Kí ẹ tó kúrò ní Ìkẹjà, ẹ bi àwọn tó ń gba ẹrù bóyá tààrà ni àpótí yín ń lọ sí Nàìróbì, kí ẹ sì fi ojú ara yín wo orúkọ ìlú tí wọ́n kọ sára ìwé tí wọ́n so mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ Kìgálì ni ó parí sí, ẹ̀yin ni ẹ ó máa wọ́ ọ gun òkè sọ̀ kalẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò lè gbàgbé. Láti ọdún 2008 ni Rùwáńdà ti fòfin de àpò ọ̀rá, n kò sì mọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ. Ìyá mi ti fi ọ̀rá dúdú di ẹja gbígbẹ àti ẹ̀gúsí fún ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kan nínú èkejì, bí a ti máa ń dì í nílé. Obìnrin tó yẹ ẹrù mi wò kò jágbe mọ́ mi rárá. Ó ń tú kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sùúrù, ó ń da ẹ̀gúsí sínú páálí kan, ó sì ń ká ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ó fi di òkìtì kékeré níwájú mi. Ojú tì mí gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, àpò aṣọ tàbí páálí ni kí ẹ fi di ohun gbogbo.

Àǹtí Sábó

Òótọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì wo ọjọ́ tí wọ́n dá. Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù ni ọjọ́ umuganda ní Rùwáńdà, ọjọ́ tí gbogbo ará àdúgbò máa ń jáde ṣe iṣẹ́ ìlú láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀: wọ́n á gbin igi, wọ́n á ro etí ọ̀nà, wọ́n á bá aláìní mọ ilé. Ẹ rántí sànítéṣọ̀n tiwa, kí ìjọba Èkó tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2016, nígbà tí ọkọ̀ kankan kì í kọjá ní Benson kí aago mẹ́wàá tó lù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Kìgálì máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ilé ìtajà á tì, ojú títì á sì dá.

Nítorí náà, ẹ má sáré wọ ìgboro. Òru ni ẹ ó fi wá, ibi tí màmá yóò na ẹsẹ̀ sí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ gba yàrá kan ní ilé ìtura kékeré ní Remera tàbí Kanombe, tí kò jìnnà sí pápákọ̀, ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé àárọ̀ ni ẹ ó wọlé, kí ẹ sì ti dé ibẹ̀ ṣáájú aago mẹ́jọ. Ẹ sùn, ẹ wẹ̀, ẹ jẹun. Ẹ rántí pé aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Ẹ mú súwẹ́tà fún màmá pẹ̀lú, nítorí ìlú náà fi nǹkan bí 1,500 mítà ga ju òkun lọ, òtútù àárọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe irú ti Ìkòròdú.

Alàgbà Ìjẹ̀dé

Ọ̀rọ̀ Àǹtí Sábó ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ohun tí ó kù ni ọ̀sán, láti aago méjìlá sí mẹ́rin, ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ sì fi í lọ. Ọjà Kimironko kò jìnnà, aṣọ kitenge tí ó jọ àǹkàrá wa kún ibẹ̀, àwọn aránṣọ sì wà nítòsí àwọn tó ń tà á. Ó dára, àmọ́ bí ó bá jẹ́ èmi, ilé ìrántí tí wọ́n ṣí ní àdúgbò Gisozi ní Kìgálì ní 2004 ni n óò gbé ìyá mi lọ. Ó lé ní 250,000 ènìyàn tí wọ́n sin síbẹ̀, lára àwọn tí wọ́n pa nínú ìpakúpa ẹ̀yà Tutsi láàárín 100 ọjọ́ láti ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1994. Wọn kì í gba owó ìwọlé.

Yàrá kan wà níbẹ̀ tí fọ́tò kún láti òkè délẹ̀, èyí tí àwọn ẹbí mú wá fúnra wọn: fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín. Ní apá ti àwọn ọmọdé, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán ọmọ kọ̀ọ̀kan ohun tí ó fẹ́ràn láti jẹ, eré tí ó máa ń ṣe, àti bí wọ́n ṣe pa á. N kò lè kà á tán. Ẹ kọ́kọ́ bi màmá bóyá ó fẹ́ lọ. Bí inú ilé bá wúwo jù fún un, ọgbà òdodo wà níta tí ó lè dúró sí.

Takisí ni kí ẹ wọ̀, ẹ dá iye owó pẹ̀lú awakọ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì ní kí ó dúró dè yín. Ọ̀kadà wọn dára ju tiwa lọ, wọ́n máa ń fún èrò ní akoto, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún orúnkún màmá. Bí ẹ bá ń jẹun, ẹ tọ́ isombe wò, ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gún tí wọ́n sì sè. Àwa tí a fi gàrí dàgbà kì í ka ewé rẹ̀ sí oúnjẹ, ó sì dùn. Aago mẹ́rin ni kí ẹ ti padà sí pápákọ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbò

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ Alàgbà sétígbọ̀ọ́ màmá, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní òun kò lè gba iwájú ilé ọ̀fọ̀ kọjá kí òun má yà kí wọn. Gisozi ni a ó lọ nígbà náà. Mo ti kọ̀wé sí ilé ìtura kan ní Remera, wọ́n sì ní àwọn yóò rán awakọ̀ wá pàdé wa. Ọmọ Ìpakodò, láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń tú àwọn ọ̀rá inú àpótí wa. Ẹja gbígbẹ nìkan ni ó kù tí n kò tíì rí páálí tó gbà á.