Àtúnṣe ilé alámọ̀ nígbà tí a ṣì ń gbé inú rẹ̀

Ìbéèrè:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ilé alámọ̀ tí bàbá wa àgbà kọ́ sí Ìbàdàn ni èmi àti ẹbí mi ń gbé. Páànù rẹ̀ ti dógùn-ún, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri sì ń ṣí kúrò láti ìsàlẹ̀. A kò lágbára láti háyà ilé mìíràn. Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Èsì kìn-ín-ní:
Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé ògiri amọ̀ tí òjò ń rọ̀ sí kò lè gba àtúnṣe kankan. Ẹ kó ẹrù sí apá kan, kí káfíńtà parí apá kejì kí ẹ tó sún.

Èsì kejì:
Mo fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì yẹn ló ká mi lára jù. Bíríkìlà lè ní kí ẹ tún fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà. Ọ̀rinrin tó ń gòkè láti inú ilẹ̀ máa ń gba ojú ògiri amọ̀ jáde, sìmẹ́ǹtì a sì dí i mọ́ inú, títí amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi rọ̀ tí yóò máa wó. Amọ̀ tí a pò mọ́ iyanrìn àti koríko gbígbẹ ló bá a mu. Ẹ sì darí àgbàrá kúrò lẹ́bàá ìpìlẹ̀ ilé kí ẹ tó rẹ́ ohunkóhun.

Èsì kẹta:
Bí àjà ilé náà bá jẹ́ asbestos, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ tàbí kí ó gé e nígbà tí ẹ wà nínú ilé, nítorí pé eruku rẹ̀ a máa fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.