Jíjókòó síta wo igi àti ẹyẹ: kí ni kí n ṣe tí ọkàn mi kò bá dúró sójú kan?

Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú mélòó ló tó, kí sì ni èèyàn ń ṣe níbẹ̀ gan-an?

Èsì 1: Ìṣẹ́jú 20, ojú kan náà lójoojúmọ́, nítòsí ilé. Ẹyẹ tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín á dákẹ́, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tún ké. Ẹni tó jókòó fún ìṣẹ́jú 5 ti dìde kí àwọn ẹyẹ náà tó tún ké.

Èsì 2: Ẹ pa fóònù. Etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò: ẹ wá ìró mẹ́ta, kí èyí tó jìnnà jù gbẹ̀yìn. Ẹ má kọ nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀.

Èsì 3: Ẹ kọ ọ́ tẹ́ ẹ bá délé o! Àmọ́ "ó rẹwà" kò tó. Ibo ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ewé wo ló mì? Bí ẹ bá láyà, ẹ lọ ní ìdájí. Bí àrá bá ń sán, ẹ wọlé, ẹ má sá sábẹ́ igi.