Orúnkún ń ro mí tí mo bá ń fẹsẹ̀ wa káyáàkì, báwo la ṣe ń to síìtì àti pẹ́dà ẹ̀?

ỌmọÒròkí
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Àbúrò ìyá mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi káyáàkì kan, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi kékeré, ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà, kì í ṣe àjẹ̀. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, lẹbẹ méjì ló wà lábẹ́ ẹ̀ tó ń lọ sọ́tùn-ún lọ sósì bí èèyàn bá ṣe ń ti pẹ́dà. Òṣogbo ni mo ń gbé àmọ́ dáàmù Erinlẹ̀ ni mo ti ń lò ó, mo máa ń ju ìwọ̀ níbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í pẹ́ tí iwájú orúnkún mi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi á kú, ẹ̀yìn náà á máa fà mí, bẹ́ẹ̀ agbára tí mò ń lò ò hàn nínú eré tí ọkọ̀ ń sá. Mo ga díẹ̀ o, ẹsẹ̀ bàtà 6. Ṣé bí wọ́n ṣe ń to kẹ̀kẹ́ náà ni àbí ó ní bó ṣe ń lọ? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Atúnkẹ̀kẹ́_ÒkèBáálẹ̀
Àbúrò, o kú orí ire ọkọ̀ tuntun. Ó jọ kẹ̀kẹ́ lápá kan, kò sì jọ ọ́ lápá kejì. Lórí kẹ̀kẹ́, ara ẹ lókè ń bá ẹ tẹ pẹ́dà wálẹ̀, nínú káyáàkì ńṣe lo jókòó tó o nasẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn síìtì nìkan lo lè fara tì kí ẹsẹ̀ tó lágbára. Tó bá ti dà sẹ́yìn jù, ìdí ẹ á máa yọ̀ síwájú, ẹ̀yìn ẹ á tẹ̀, ibẹ̀ ni ìrora yẹn ti ń wá. Gbé e dìde, fi ìdí tì í dáadáa kó o tó kan pẹ́dà rárá.

Ti orúnkún, lójú tèmi pẹ́dà ti sún mọ́ ẹ jù, ẹni tó ga bíi tìẹ á máa ká orúnkún wá sí àyà. Ti pẹ́dà kan lọ dé òpin kó o wo ẹsẹ̀ yẹn, orúnkún gbọ́dọ̀ ṣì ká díẹ̀. Tó bá nà le, tàbí tó jẹ́ ọmọ ìka lo fi ń lé pẹ́dà bá, ó ti jìnnà jù nìyẹn, ẹ̀yìn orúnkún àti ìbàdí ló máa jìyà ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Hobie ló gbé ẹ̀rọ onílẹbẹ yìí jáde lọ́dún 1997, tiwọn ní nọ́ńbà 1 dé 7 lára apá pẹ́dà, èyíówù kí tìẹ jẹ́, rí i pé ọ̀tún àti òsì wà lójú kan náà o! Bàtà tó o máa wọ̀ lọ sódò àti láífù jákẹ́ẹ̀tì ni kó o wọ̀ tó o bá ń wọ̀n ọ́n, torí jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn lẹ́yìn ń ti èèyàn síwájú, gbogbo ohun tó o tò nílé á yí padà.

Fisio_Ìgbọ̀nà
Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ. Ẹsẹ̀ tó ń kú yẹn, wo okùn tó so ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà, dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ibi tó fẹ̀ lẹ́yìn ọmọ ìka ni kó o fi ti pẹ́dà, bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ le sì dáa ju sílípáàsì lọ torí sílípáàsì ń jẹ́ kí gbogbo agbára tẹ ojú kan ṣoṣo.

Ó tún kù o, má fi ipá wà á. Ọkọ̀ tó bá ń lọ lójú omi ń dá ìgbì síwájú ara ẹ̀, bó bá ṣe gùn tó ni eré tó lè sá kí ìgbì yẹn tó dí i lọ́nà, ti ẹsẹ̀ bàtà 12 kò ju bíi kìlómítà 8 sí 9 ní wákàtí kan lọ. Kó o tó dé ibẹ̀ pàápàá ni omi á ti máa fà ẹ́ sẹ́yìn, gbogbo ipá tó o bá fi kún un, orúnkún ẹ ló ń lọ bá. Máa tì í wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lọ́wọ́ kan náà, kó o ṣì lè máa sọ̀rọ̀ láì mí hẹlẹhẹlẹ. Tí orúnkún bá wú tàbí tó ń ro ẹ́ lóru lẹ́yìn tó o ti sinmi, lọ ọsibítù kí wọ́n wò ó, má fi rọ́ọ̀bù nìkan pa á mọ́ra.

Apẹja_Ẹdẹ
Ojú oró ńkọ́? Tó bá wé mọ́ lẹbẹ, kò sí bẹ́ẹ ṣe to síìtì tó, pẹ́dà á wúwo. Tó bá ṣàdédé wúwo, má tì í mọ́, fa ẹ̀rọ yẹn sókè kó o já ewé kúrò. Létí omi níbi tí kò jìn, kúkurú kúkurú ni kó o máa tì í, tó o bá sì ti pẹ́dà kan lọ dé òpin, lẹbẹ á lẹ̀ mọ́ ikùn ọkọ̀. Ìtọ́kọ̀ náà, jẹ́ kó wà ní tààrà, èyí tó bá dábùú ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn ni.

Jọ̀ọ́ o, má gbé e lọ sí odò níbi Igbó Ọ̀ṣun. Kì í ṣe torí pé UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005 nìkan, a kì í pẹja níbẹ̀ láti ilẹ̀.

ỌmọÒròkí
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, sista náà ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, mi ò jẹ́ gbé e débẹ̀ láéláé. Mo ti gbé síìtì dìde, mo sì ti sún pẹ́dà síwájú, orúnkún ti ká bẹ́ẹ ṣe wí. Àmọ́ kúlà yìnyín àti àpótí ìwọ̀ mi, ẹ̀yìn ni mo ń kó wọn sí, ìdí ọkọ̀ sì ń rì díẹ̀, ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?

Atúnkẹ̀kẹ́_ÒkèBáálẹ̀
Ó kàn án gidi. Tí ìdí bá rì, imú á gbé sókè, ìwọ náà á máa yọ̀ sẹ́yìn, pẹ́dà á tún jìnnà sí ẹ. Gbé àpótí ìwọ̀ wá síwájú ẹsẹ̀ ẹ, kúlà kó wà lẹ́yìn síìtì gẹ́lẹ́, kó o wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lójú omi kó o tó jìnnà sí etí.